Mo rí agolo oògùn lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì Bàbá mi

AránṣọÒkèAjé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ Àìkú, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé tí gbogbo Ìperu ò ní gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bàbá mi ń gbé ní Ìperu, nínú ilé tí àwọn àti màmá wa jọ kọ́. Hẹdimásítà ni wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọdún 74 ni wọ́n. Màmá wa kú lọ́dún tó kọjá, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe Ojúde Ọba. Láti ìgbà yẹn ni Bàbá ti yí padà. Wọn ò lọ sípàdé ẹgbẹ́ mọ́. Bátìrì rédíò wọn kú, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, Bàbá wa tí kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tí ìròyìn bá ń lọ. Mo se ìkọ́kọrẹ́ lọ fún wọn, èyí tí wọ́n máa ń ha ìdí ìkòkò ẹ̀, ṣíbí mẹ́ta ni wọ́n jẹ, wọ́n ní ó dùn, wọ́n sì ti àwo náà sẹ́yìn.

Wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti bí ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí màmá kú ni dókítà fi oògùn oorun kún un. Oògùn oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kó fún wọn lẹ́ẹ̀kan, torí kí wọ́n má baà máa wọkọ̀ ṣáá. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó kọ nǹkan sínú káàdì láìgbójú sókè, mi ò tíì jókòó dáadáa tí nọ́ọ̀sì fi pe ẹni tó kàn.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, ọwọ́ mi wá ba nǹkan láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Agolo mílíìkì ni, irú èyí tó tóbi. Mo rò pé owó ni, torí Bàbá wa kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán báńkì. Mo ṣí i. Oògùn ni. Wọ́n ti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá ẹ̀, wọ́n dà wọ́n pọ̀, wọ́n wá fi òwú tẹ orí ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó pẹ́. Mi ò kà á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ohun tí mi ò lè dárí ẹ̀ ji ara mi nìyí: mo dá a padà síbi tí mo ti mú un, mo lọ sí kíṣìnnì lọ rẹ ẹ̀fọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ó ti rẹ̀ mí. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ẹ ò ní máa náwó ọkọ̀ wá síbí mọ́." Mo fi rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kó agolo yẹn ni? Ṣé kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ro? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ékòó ní mi ò gbọ́dọ̀ dán an wò, pé tí mo bá fẹnu mi pè é, èmi ni mo fi í sí wọn lọ́kàn. Ẹni tí mo bá sì sọ fún, ṣé kò ní pe ọlọ́pàá? Aṣọ àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, mọ́kàndínlógún ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, Ojúde Ọba ti dé tán, mi ò lè máa lọ sí Ìperu lójoojúmọ́.

Ìránṣẹ́Òkè:

Arábìnrin, ẹ̀mí ìbànújẹ́ ló ń bá wọn jà. Ẹ kó gbogbo oògùn yẹn dànù lónìí, títí kan ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ gbé wọn lọ sórí òkè fún ọjọ́ méje. Ẹ má dárúkọ ikú nínú ilé yẹn rárá.

ApòògùnṢágámù:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo oògùn dànù. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún mọ́kànlá, tí ẹ bá já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì, àrùn rọpárọsẹ̀ lè gbé e kí òkè tó parí. Oògùn oorun náà, tó bá ti pẹ́ lára, kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́yìn káńtà oògùn, irú agolo yẹn kì í ṣe àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti alẹ́ yìí. Ta ló wà lọ́dọ̀ Bàbá? Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ẹ rán ọmọ ìyá kan lọ sùn níbẹ̀ lónìí, kó ní òun wá kí wọn. Agolo yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé. Tí wọ́n bá sọ pé lónìí ni, tàbí ẹ rí i pé wọ́n ti gbé nǹkan mì, ẹ má dúró kọ nǹkan síbí o. Ẹ gbé wọn lọ sí ìdí pàjáwìrì, kí ẹ kó agolo náà dání kí dókítà lè rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ lè pe 112 náà, ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá wà lẹ́bàá yín, ẹ máa lọ.

Ní ti pé kí ẹ béèrè: ẹ̀gbọ́n yín ò ṣe àṣìṣe tirẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà rí i pé bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ẹni tí kò rò ó á ní rárá, ó tiẹ̀ lè bú yín díẹ̀. Ẹni tó ń rò ó, ó sábà máa ń dà bí ẹni pé wọ́n bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ kàn má béèrè ẹ̀ bí a ṣe máa ń béèrè ẹ̀: "Bàbá, ẹ ò kúkú ní ṣe nǹkan burúkú kankan, àbí?" Ẹni tí wọ́n bi báyìí, kí ni yóò sọ bí kò ṣe rárá? Ẹ jókòó, ẹ pa fóònù, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Bàbá, ṣé ẹ ń rò ó pé kí ẹ fọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Ẹ má tètè fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" dí i.

Ẹ tún bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ da agolo yẹn sórí ìwé ìròyìn, kí ẹ wò ó. Oríṣi mélòó ló wà níbẹ̀? Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ nínú. Bàbá àgbàlagbà tí ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, tó ń gbé e mì lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò jí lóru. Á sinmi lílò ẹ̀, ojú á sì tì í láti sọ fún dókítà. Mo ti rí i tó pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ṣa oògùn oorun jọ. Àmọ́ kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́, èyí tó burú jù ni kí ẹ mú un sí.

Ohun tí à ń ṣe ni pé kí oògùn tó wà nílé má pọ̀. Ẹ sọ fún dókítà kó kọ ọ́ sínú ìwé oògùn pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa fún un, kí ìyókù wà lọ́dọ̀ apòògùn tàbí lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn kan máa ń ní kí lèyí máa ṣe, ẹni tó bá ti pinnu á rí ọ̀nà mìíràn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Èrò yẹn máa ń ru sókè, ó sì máa ń rọlẹ̀. Nígbà mìíràn kò ju wákàtí mélòó kan lọ. Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ní wákàtí tó ru yẹn ló ṣe kókó. Ní 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín iye oògùn ìrora tí wọ́n lè tà nínú páálí kan kù. Òfin kékeré báyìí, páálí lásán, ikú tó ń ti ibẹ̀ wá sì dínkù lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má gbàgbé kẹ́míìsì àdúgbò. Òfin ò gba àwọn onísọ́ọ̀bù kékeré láyè láti ta oògùn tó gba ìwé dókítà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ bó ṣe ń lọ. Ẹ lọ bá wọn ní jẹ́jẹ́: "Tí Bàbá wa bá wá ra oògùn oorun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí."

Ìbànújẹ́ ọdún kan tó gba oúnjẹ, rédíò àti ẹgbẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ó yẹ kí dókítà tó ń rí sí àìsàn ọkàn wò ó. Teaching, ọsibítù ńlá tó wà ní Ṣágámù, ò jìnnà sí Ìperu. Tí wọ́n bá fún wọn ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn, ìdààmú ara tó ń bá a rìn sì máa ń ṣáájú àǹfààní ẹ̀ dé. Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ló gba ojú yín jù. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ nípa agolo náà *kó tó* mú bírò, torí àwọn kan wà nínú oògùn wọ̀nyí, àwọn ti àtijọ́ pàápàá, tí kò yẹ kó pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Èyí kì í ṣe ti Bàbá yín, ṣùgbọ́n ẹnìkan tó ní ọmọ yunifásítì nílé lè máa kà á: láti 2004 ni àjọ oògùn Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ onílà dúdú sára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nítorí àwọn ọmọdé, ní 2007 wọ́n fa ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 18 sí 24. Èrò ikú lè pọ̀ sí i lára àwọn kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ní kéèyàn má lò ó o. Ó ní kí wọ́n má fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan.

ÀgbàÌsarà:

Ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ọdún 79 ni mí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀. Hẹdimásítà ni bàbá rẹ. Ẹni tó ti fi ẹgba tọ́ ìdajì Ìperu ni ẹ fẹ́ máa ka oògùn fún bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Àwa àgbà ní ohun tí à ń pè ní iyì. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ̀yin náà ń sọ ọ́.

Tí o bá fẹ́ kó agolo náà, má jí i kó. Ìyẹn ni mo wá sọ. Gbé e síwájú wọn, kí ẹ jọ wò ó.

Mo tún rántí nǹkan kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọkùnrin, orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dàrú, wọ́n gbé wọn lọ sí Àrò ní Abẹ́òkúta. Ayé Dókítà Lambo ni, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ ní 1954. Wọn kì í gba aláìsàn sí abúlé tó yí ọsibítù ká àfi tí ẹbí kan bá tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n mú. Ilé onílé la wọ̀, èmi ni mò ń dáná, èmi ni mò ń mú wọn lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ a ó jókòó síta pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Wọn ò ka ìyẹn sí ẹ̀sín. Torí náà, ó lè jẹ́ pé mo ń bá ara mi jiyàn níbí.

Àgọ́ÌwòyèBoy:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, òwe yẹn, ẹ má bínú, mo fẹ́ fèsì sí i, torí òun ni mò ń sọ lọ́kàn ara mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn.

Mo gbìyànjú ẹ̀. Mi ò ní sọ bí mo ṣe ṣe é. Nígbà tí mo lajú lọ́sibítù kan, nọ́ọ̀sì kan ń bú mi létí gbogbo wọ́ọ̀dù, pé àwọn tó fẹ́ wà láàyè ò rí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kẹta wọ́n ní kí n máa lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kó fún mi? Oògùn oṣù méjì nínú ọ̀rá dúdú kan. Èmi. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tí mò ń gbé pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ìpékeré ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló gba ọ̀rá yẹn lọ́wọ́ mi nínú mọ́tò. Kò yọ́ kẹ́lẹ́ o. Ó ní, "Èmi ni màá máa tọ́jú ẹ̀. Ní gbogbo Friday wà á wá gba ti ọjọ́ méje. Tó bá tó àkókò tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀, sọ fún mi, a ó jọ bá dókítà sọ ọ́." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kórìíra ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì náà, mo kórìíra ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rí i pé Friday nìkan ni ọjọ́ tí mò ń wẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, torí mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó máa ń fi ìpékeré tó ti fọ́ sínú ìwé fún mi pẹ̀lú oògùn náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan ju ọ̀kan lọ: "Ṣé ó wá lọ́sẹ̀ yìí?" Èrò yẹn ló ń bi mí. Èmi á ní ó wá, tàbí kò wá. Ó tán.

Ní ti ẹ̀sín, Bàbá: ẹ̀sín tí mò ń bẹ̀rù yẹn, kò tó oṣù méjì táwọn èèyàn fi gbé ọ̀rọ̀ mìíràn. Ká ní mo kú ni, ìyá mi ì bá má gbàgbé mi títí wọ́n á fi sin òun náà.

Àǹtí, ẹ má dá ara yín lẹ́bi torí pé ẹ dá agolo yẹn padà. Ẹ̀rù ló bà yín. Ẹ lọ mú un báyìí.

ÀgbàÌsarà:

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run dá ẹ sí. Mo gba òwe mi padà.

ApòògùnṢágámù:

Mo gbàgbé ti ọlọ́pàá. Òótọ́ ni pé òfin ọ̀daràn wa, abala 327, ka *ìgbìyànjú* sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló kọ síbẹ̀. Òfin burúkú ni lójú tèmi, òun ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa parọ́ ní ìdí pàjáwìrì pé oògùn ni wọ́n ṣì lò. Ṣùgbọ́n pé èèyàn ń ro nǹkan, tó sì sọ ọ́ fún dókítà, kò sí òfin tó pe ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ní January 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó gba ipò òfin àwọn òyìnbó amúnisìn tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá dá ẹsẹ̀ yín dúró.

AránṣọÒkèAjé:

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti bí ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. Mo tì ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo ka èsì yín, mo wọkọ̀ lọ. Ọmọ àbúrò Bàbá kan ti lọ sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ṣe bí Bàbá Ìsarà ṣe wí. Mo gbé agolo náà sórí tábìlì, láàárín èmi àti wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "O ti rí i." Mo béèrè bí apòògùn ṣe kọ́ mi, ohùn mi há lẹ́ẹ̀kan ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Mo sì dákẹ́. Adìẹ kan wọlé, ó jẹ ohun tó jẹ lábẹ́ àga, ó jáde, a ò tíì sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n fà ìwé ìròyìn, wọ́n da oògùn náà sílẹ̀, wọ́n fi ìka pín in sí ọ̀nà méjì, bí wọ́n ṣe máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ wa ní ìṣirò. Wọ́n ní, "Èyí ń jẹ́ kí n tọ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ń lọ sẹ́yìnkùlé lóru, mi ò sọ fún yín." Wọ́n wá fọwọ́ kan ìpín kejì. "Èyí, mò ń tọ́jú ẹ̀ ni." Mo ní títí di ìgbà wo? Wọ́n ní, "Títí di ọjọ́ tí màmá yín máa pé ọdún kan." Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá nígbà yẹn.

Mo sunkún. Àwọn náà sunkún. Mi ò rí Bàbá mi kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ọjọ́ kejì a wà ní Ṣágámù. Dókítà obìnrin kan, ó kéré sí mi, gbé agolo náà wò, ó sún àga ẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì wá síwájú Bàbá, ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi sọ̀rọ̀, mo tiẹ̀ jáde fún wọn. Ó gbé oògùn ìtọ̀ wá sí àárọ̀. Ó ń dín ti oorun kù. Ó fi òmíràn kún un fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ó ní kí a má retí nǹkan kan lára ẹ̀ ní oṣù yìí. Ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ìyókù wà nínú àpótí tí mo ń tì ní ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ àwọn dámáàsìkì. Bàbá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọjọ́ sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe àtúnṣe "Ọjọ́rú" tí mo kọ láìfi àmì sí i.

Ọjọ́ ọdún kan màmá bọ́ sí ọ̀la. Gbogbo wa ń lọ sùn níbẹ̀, ti Èkó náà. Aṣọ mẹ́fà ṣì kù nílẹ̀, àwọn tó ni ín á bú mi, kí wọ́n bú mi.

Lánàá Bàbá pè mí. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ ju sísọ́ọ̀sì sọnù. Wọ́n ní agolo mílíìkì àwọn dà, obì táwọn rà ń gbẹ.